Ọ̀rọ̀ SSD Tòkunbọ̀: Kí A Rà Á Ni, Tàbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bí a bá fetí sí òwe yìí dáadáa, a óò rí i pé àwọn baba wa kò fojú tín-ín-rín ohun tó ti gbó. Èmi náà kò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Aṣọ òkìríkà ni mo wọ̀ wọ Yunifásítì, tòkunbọ̀ sì ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi má ṣe rò pé ọmọ olówó kan ló fẹ́ máa bú ọjà tálákà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìsinmi ọdún tó kọjá, ilé wa ní Ìgbògbò ni mo wà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja ń lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí etí ọ̀sà ní Báyékù láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: orúkọ àwọ̀n, orúkọ ẹja, orúkọ atẹ́gùn, àti ohun tí wọ́n ń pe omi nígbà tó bá ń kún àti nígbà tó bá ń fà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi a máa falẹ̀ bí ìgbín. Bí mo bá tàn án, n óò lọ pọn omi, n óò wẹ̀, n óò sì dé kó tó ṣí tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ hard disk inú rẹ̀, kí n fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni. Hard disk ní àwo tí ń yí àti apá kékeré tí ń kà á, bíi rẹ́kọ́ọ̀dù orí gírámafóònù. SSD kò ní ohunkóhun tí ń yí. Iná mànàmáná ló fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú àwọn yàrá wínníwínní tí ojú kò lè rí. Ìdí nìyí tó fi ń yára.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, ó di ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Ontajà kan kó SSD síwájú mi. Ó ní, "Àbúrò, refurbished ni èyí o, tòkunbọ̀ gidi. Kì í ṣe àlòkù Nàìjíríà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n tún ṣe lára rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ti tún un ṣe, ó ti dà bíi tuntun."

Owó rẹ̀ kò ju ìdajì owó tuntun lọ. Mo sanwó, mo gbé e. Ìbéèrè tí mo bi ọkùnrin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé lórí, èmi kò sì dúró gba ìdáhùn.

Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá gbó, mẹkáníìkì lè pààrọ̀ ríìngì rẹ̀. Bí aṣọ òkìríkà bá ya, télọ̀ á rán an. Ṣùgbọ́n yàrá inú SSD tó ti gbó kò ní mẹkáníìkì, kò sì ní télọ̀. Nígbàkigbà tí a bá kọ nǹkan sínú rẹ̀, tí a pa á rẹ́, tí a tún kọ òmíràn, díẹ̀ ń dín nínú agbára rẹ̀. Iye ìgbà tó lè gba èyí sì níwọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún SSD ṣe ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fi òtítọ́ ṣe méjì àkọ́kọ́, ó ṣeun. Ìkẹta nìkan ni ẹlòmíràn ń ṣe.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn láti Kánádà ra hard disk àlòkù kan ní orílẹ̀-èdè Gánà ní dọ́là 40. Ìwé iṣẹ́ Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ohun ìjà, ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹni tí kò nu ọjà kó tó tà á, ṣé yóò dán an wò? Nílé wa níbí ńkọ́? Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti ibùdó Àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkè òkun yẹ ẹrù àlòkù oníná tó ń gba èbúté Èkó wọlé wò: tẹlifísọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dán an wò. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan nínú márùn-ún.

Síbẹ̀, kí n má ṣèké, SSD àlòkù mìíràn wà tó sàn ju bí a ti rò lọ. Ẹ wo Samsung 860 EVO oní-gígábáìtì 250 tó jáde ní ọdún 2018. Tẹ́rábáìtì 150 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀yà pé a lè kọ sínú rẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì tó bá ń kọ gígábáìtì 20 lójoojúmọ́ yóò lò ó fún ọjọ́ 7,500, èyí tó ju ọdún 20 lọ, kí iye yẹn tó pé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ń jẹ́ Chia, tí Bram Cohen dá sílẹ̀, gba ìgboro. SSD ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣètò fáìlì ńláńlá tí wọ́n fi ń wá a. Ìṣètò fáìlì ẹyọ kan ṣoṣo a máa kọ ohun tó ju tẹ́rábáìtì 1 lọ. Ẹni tó bá ń ṣe mẹ́wàá lójúmọ́ yóò jẹ gbogbo ogún ọdún akọ̀wé yẹn tán kí ọjọ́ 15 tó pé. Nígbà tí iye Chia já wálẹ̀, ọjà àlòkù ni irú SSD bẹ́ẹ̀ bọ́ sí. Bí a bá tẹ́ ti akọ̀wé àti ti ẹni tó ń wá Chia sórí àtẹ kan náà, ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Tèmi ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ lójijì. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, iná ilé nìkan ló ń lò. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà kò rí SSD mọ́. Hard disk tó bá fẹ́ kú sábà máa ń ké, ẹni tó ni ín á tètè fura. SSD mi kò dágbére. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, ní Ìkòròdú. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Àbúrò mi, èyí ti lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́?" Mo dákẹ́.

Fọ́nrán 11 ni mo gbà. Méje ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ti pa mẹ́rin rẹ́ kí àyè lè wà. Mo padà lọ gba mẹ́ta. Ìkẹrin jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan ní Báyékù, ẹni tó ka orúkọ atẹ́gùn ọ̀sà fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tó máa ń fẹ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ní bàbá ti papò dà. Nínú gbogbo orúkọ tó kà, mẹ́ta péré ni mo kọ sínú ìwé.

Ta ni kí n dá lẹ́bi? Ontajà pín níbẹ̀, nítorí ó pe ohun tí kò mọ̀ ní tuntun. Ṣùgbọ́n SSD tuntun pàápàá a máa kú, kì í sì í ṣe ontajà ló ní kí n pa fọ́nrán rẹ́ lórí fóònù. Mo ṣírò owó tí mo fi pamọ́, n kò ṣírò ohun tí mo fẹ́ fi síbẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tó wà lókè nìyí: ẹ lè rà á fún ohun tí ẹ lè tún rí. Windows, àwọn ètò ìṣiṣẹ́, ìwé tó ní ẹ̀dà níbòmíràn, kò sí ẹ̀rù. Fún ohun tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, ẹ má ṣe gbé e lé SSD kan ṣoṣo lọ́wọ́, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe tòkunbọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ ní ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sì ṣe ti SSD tó ti gbó mọ́ inú àpótí bí ìwé ìrántí. Ìlànà àjọ JEDEC fún SSD inú kọ̀ǹpútà ara ẹni ni pé, bó bá ti lo iye ìkọ̀wé rẹ̀ tán, kó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ láìsí iná fún ọdún 1 ní ooru ìwọ̀n 30. Ooru wa níhìn-ín sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ra òmíràn báyìí, tòkunbọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Mo ní kí ontajà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú mi, mo fi ètò CrystalDiskInfo wo iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, iye ohun tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀, àti ìlera rẹ̀. Ẹlẹ́tàn lè da òǹkà yìí padà. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe nǹkan ní àlòkù tí wákàtí rẹ̀ jẹ́ òdo, ẹ yáa fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi ètò H2testw kọ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, mo sì kà á padà, kí n lè mọ̀ bóyá ó gbà tó iye tí wọ́n kọ sí i lára. Mo gba rìsíìtì tó sọ pé àlòkù ni, tó sì ní ọjọ́ tí mo lè dá a padà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà ní dandan ni kí ontajà fi hàn kedere bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gba ohùn àwọn àgbà kiri, àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi owó díẹ̀ pàdánù ohun tí owó kò lè rà.