Páálí Mẹ́rin Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bàbá àgbà mi ní páálí ìwé mẹ́rin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní Ẹ̀pẹ́, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n jáde. Bí àlejò bá dé tó ní òun gbọ́ pé tíṣà ti kọ ìwé, wọ́n á ní, "Ó ń bọ̀," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ sí orí ẹja tàbí ojú ọ̀nà tó bàjẹ́. Ìwé ọ̀hún ti dé láti oṣù Kẹta. Ẹ̀dà 400 ni. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi í pamọ́, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà ni wọ́n ti kọ ìtàn Ẹ̀pẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà: bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbẹ̀ nígbà tí ìbọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, títí tó fi padà sílé ní 1862, orúkọ àwọn ẹja tí a kì í gbọ́ mọ́ ní ọjà Olúwo, ohun tí apẹja kì í sọ bó bá wà lórí omi. Èmi ni mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù mi nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Wọ́n jókòó tì mí. Bí mo bá ṣèèṣì fi àmì sábẹ́ s nínú "ọ̀sà", wọ́n á bi mí bóyá òòṣà ni wọ́n ní kí n kọ.

Èmi náà ni mo rí ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Orí Facebook ni mo ti rí wọn. Wọ́n ní kí a fi iṣẹ́ wa ránṣẹ́, àwọn amòye àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi í ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, èsì ti dé: ẹ kú oríire, ìgbìmọ̀ wa ti yan ìwé yín. Bàbá àgbà ní, "Ìyá mi, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Kò sẹ́ni tó béèrè nínú wa bí ènìyàn ṣe lè ka ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́fà tán láàárín òru kan. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni owó wà: ₦380,000, tí wọ́n pè ní ìpín tí òǹkọ̀wé máa san.

Màmá mi ní kí a mú sùúrù, kí a kọ́kọ́ wá ilé-iṣẹ́ tí kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Bàbá àgbà wá sọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson fún wa. Ní 1897 ló parí ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn Yorùbá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún ìwé náà kọ, kò sì jáde títí di 1921. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró bíi ti Johnson ni?" Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Owó àjọ tó fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ló fi kún owó ìfẹ̀yìntì wọn. Òrùlé náà ṣì ń jò.

Nígbà tí páálí dé, a ya èyí àkọ́kọ́. Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àpótí kéékèèké tó ṣófo. Àkọlé ẹ̀yìn ìwé gan-an kò ṣe é kà. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹ̀dà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, pé ó wà nínú àdéhùn pé bí a kò bá fèsì láàárín ọjọ́ méjì, a ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ìdánwò ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò sì ṣí ímeèlì. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀, a óò san owó mìíràn.

Bàbá àgbà ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e, a ṣe àríyànjiyàn ní ilé-ìwé wa ní Ìkòròdú: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òǹkọ̀wé sanwó kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀? Wọ́n fi mí sí ìhà pé kò tọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti rọrùn. Àwọn tó dojú kọ wá ní Marcel Proust, ará Faransé, sanwó ara rẹ̀ kí apá kìíní ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1913, lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kọ̀ ọ́. Ní 1919 ó gba ẹ̀bùn Goncourt. Wọ́n ní Isaac Thomas fúnra rẹ̀ ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó tó ti gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde láti 1929, kó tó sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Kò sẹ́ni tó yàn án. Òun ló yan ara rẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n fi máàkì méjì nà wá.

Inú ọkọ̀ tó ń gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rí ohun tí ǹ bá sọ. Nínú èdè wa, "atẹ̀wé" ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé, "atẹ̀wé" náà la sì sábà máa ń pe ẹni tó yan ìwé, tó tún un ṣe, tó gbé e jáde fún títà. Iṣẹ́ méjì ni, orúkọ kan. Ẹni kejì yìí, owó ara rẹ̀ ló ń ná. Bí ìwé kò bá tà, òun ló jẹ gbèsè, nítorí náà á kà á kó tó gbà á. Èyí tó ti gba ₦380,000 lọ́wọ́ wa ti jèrè kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀dà kan. Kí ló fẹ́ kà á fún? Proust mọ̀ pé òun ń sanwó kí ìwé òun lè jáde. Thomas mọ̀ pé òun ni atẹ̀wé ara òun. Bàbá àgbà rò pé wọ́n yan àwọn ni, èmi ni mo sì ka ìyẹn sí wọn létí. Owó náà ò dùn wọ́n tó ìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, mo mú búrọ̀dá kan wá fún wọn, ní Sábó, Ìkòròdú, tó máa ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó. Màmá mi rò pé orí mi ti dàrú, pé a tún fẹ́ sanwó. Búrọ̀dá ní, "Bàbá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìtàn o. Ohun tí ẹ bá gbé wá ni màá tẹ̀." Ẹ̀dà 50 ni a bá a ṣe àdéhùn lé lórí. Ó kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, ó ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láì kà á tán.

Bàbá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bírò pupa, bíi pé ìwé ìdánwò ni wọ́n ń máàkì, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wọn. Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ pé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì wo mí lórí awò ojú wọn.

"Ojú ewé 41. Ta ló sọ ọ̀sà di òòṣà?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni."

Wọ́n fa igi pupa sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣí ojú ewé tó kàn. Búrọ̀dá pè mí wá sídìí kọ̀ǹpútà.