Ìrìnàjò Wa sí Erékùṣù Gbẹrẹfú

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí oòrùn tó mú, ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa gbéra ní Ìbà, tí a wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì ní Okokomáíkò, níbi tí ariwo agbèrò kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. A kọjá Ìjànikin, a kọjá Àgbárá, àwọn ọmọ kò sì gbé ojú kúrò lára fóònù, nítorí pé àbúrò mi tí ń gbé Àgbádárìgì ti fi àpótí kékeré kan pamọ́ dè wọ́n ní Gbẹrẹfú, nọ́ńbà tí ń tọ́ka ibẹ̀ nìkan ni ó sì fi ránṣẹ́.

Eré yìí, tí wọ́n ń pè ní geocaching, kò tí ì pẹ́ láyé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, kété tí ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ kúrò lára sátẹ́láìtì tí ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn, ni Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sí igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí ó ní kí ẹni tí ó bá lè rí i wá a. Ẹni tí ó bá rí i yóò kọ orúkọ sílẹ̀. Bí ó bá mú nǹkan, yóò fi òmíràn rọ́pò.

Nígbà tí a dé Àgbádárìgì, a yà wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n parí ní 1845, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ọmọ ti sọdá ọ̀sà ṣáájú wa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa gúnlẹ̀, tí a ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn láàárín igi àgbọn, a dé ìdí kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí etí òkun àrèmábọ̀. Àbígbẹ̀yìn wa bèèrè bóyá àwọn ẹrú náà ní bàbá. Ìyá rẹ̀ ni ó dá a lóhùn: "Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba."

Àbúrò mi kò fi àpótí náà sí ìtòsí kànga. Ó ní eré kò yẹ níbẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Fóònù mú wa dé àárín igi àgbọn mélòó kan, ó wá ku ojú àti ọwọ́. Lábẹ́ imọ̀ gbígbẹ ni àwọn ọmọ ti fa ike bọ́tà kan yọ, tí ìwé àti pẹ́ńsù wà nínú rẹ̀. Ìyá wọn sì ní dandan ni kí olúkúlùkù kọ oríkì rẹ̀ mọ́ orúkọ.

Ẹ̀yin òbí Òjó, Ìbà àti Okokomáíkò, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ. Ẹ gbé omi dání, nítorí ibòòji kò pọ̀ lórí iyanrìn náà, ẹ sì padà dé èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú.