Ọwọ́ Ìyá Mi Kò Gbàgbé

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Onídìrí ni wọ́n láti ìgbà èwe wọn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. "Ṣé àwọn ọmọ ti dé láti iléèwé?" Ẹ óò dá wọn lóhùn, kò ní í tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á tún béèrè. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun. Síbẹ̀, ẹ gbé ọmọdé jókòó síwájú wọn, ẹ fi òòyà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á di ṣùkú láìṣi ìlà kan.

Èyí ló tàn mí jẹ. Mo ní ẹni tó lè di ṣùkú kò lè gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, pé wọ́n kàn ń díbọ́n ni. Lọ́jọ́ kan, mo jágbe mọ́ wọn, wọ́n sì sunkún. Ojú ṣì ń tì mí dòní. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì!

Ohun tó yẹ kí n ti rántí ni pé ìmọ̀ kì í gbé ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ. Ní 1953, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, Dókítà William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ọmọ ọdún 27, nítorí wárápá tó ń bá a jà. Ó gé apá tó pọ̀ kúrò nínú ẹ̀yà ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tuntun kì í dúró lórí Henry mọ́. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, àlejò ni lójú rẹ̀ lọ́sàn-án.

Brenda Milner, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal, ní Kánádà, ní kó fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, ṣùgbọ́n inú dígí ni kó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà le. Ẹ dán an wò nílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Henry fi ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dán sí i. Síbẹ̀, kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Henry kú ní 2008.

Hippocampus dà bí akọ̀wé: òun ló ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ òní àti orúkọ ẹni sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́, àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó wà ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ, ló ń tọ́jú ìyẹn. Ìdí nìyí tí àlàyé lásán kì í sọ ọmọ di aránṣọ. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é léraléra. Nínú àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí wà lára ibi tí ìbàjẹ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ tàbí ẹlẹ́tàn nítorí pé ó gbàgbé orúkọ yín àmọ́ tó ṣì ń rokà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbàgbé mìíràn ní ìwòsàn: ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó fítámì B12 tàbí oògùn tí èèyàn ń lò lè fà á. Ẹ ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fún ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tó mọ̀, bí kò bá ti la iná tàbí ọ̀bẹ lọ.

Ní gbogbo Sátidé, ìyá mi ló ń dirun fún ọmọ mi obìnrin. Wọ́n á béèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ìyá rẹ?" Ọmọ náà á sọ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa dirun lọ. Èmi náà kì í jágbe mọ́.