Oòrùn Inú Àpótí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tó jẹ́ kí a mọ̀ pé òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan.

Àbúrò wa ọkùnrin ń gbé ní ìlú Lille, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pè wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó fọ́ àwo olówó iyebíye. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá. Mo ra erè kan, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì ti jóná.”

Erè náà jẹ́ irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní python royal: ejò kékeré, oníwà pẹ̀lẹ́, tí í ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ìwé tí wọ́n fi lé àbúrò wa lọ́wọ́ ní ilé ìtajà sọ pé ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti kó o wá. Nítorí pé iṣẹ́ wa ni láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ni ó ṣe pè wá. Ìdí tí kò fi fẹ́ kí Màmá gbọ́ sì yé wa láìbéèrè.

Ọmọ Ouidah ni ìyá wa. Ní ìlú náà, ilé erè àti ilé ìjọsìn ńlá àwọn Kátólíìkì kọjú sí ara wọn. Dangbé ni orúkọ tí èdè Fọ̀n fún erè tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Àwọn ará Xwéda, tí olú-ìlú wọn wà ní Savi, ti ń bọ ọ́ kí ọba Agaja ti Dàhọ̀mì tó ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1727. Wọn kì í pa á. Bí ó bá ṣìnà wọ ilé ènìyàn, wọn a kí i bí a ti ń kí bàbá ẹni, wọn a sì fi ọ̀wọ̀ gbé e padà. Bàbá wa, tó jẹ́ ọmọ Kétu, kò bá ìyá wa jiyàn lórí èyí rí, nítorí pé erè kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Òṣùmàrè. Láti kékeré ni a ti mọ̀ pé a kì í na ọ̀pá sí i.

A kọ́kọ́ sọ fún àbúrò wa pé kí ó gbé ejò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni a béèrè bí ó ṣe jóná. Ó ní òun tẹ́ ẹní oníná sábẹ́ àpótí onígíláàsì náà, òun sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná tààrà. Kò sí thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń pa iná nígbà tí ooru bá ti tó, tí ó sì ń tàn án padà nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀. Wàyí o, ó fẹ́ yan ọ̀nà mìíràn. Orúkọ oríṣiríṣi ló kà fún wa: gílóòbù halogen, gílóòbù amọ̀ tí kì í tànmọ́lẹ̀, pátákó oníná tí wọ́n ń kàn mọ́ òkè àpótí, òkúta oníná. Ó ní kí a mú ọ̀kan fún òun. A ní kí ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a lọ kí ìyá wa ní ibi tí ó ti ń ta àtàsí, nítòsí èbúté Kútọnu. Láti ọdún 1965 tí wọ́n ti ṣí èbúté náà ni ó ti ń bọ́ ìlú yìí, tí ó sì ń bọ́ àwọn aládùúgbò wa tí kò ní òkun. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Niger wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dúró de ìwé ẹrù. Oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò ṣeé gbé lé àwọn àpótí irin ńláńlá tó wà lórí ọkọ̀ wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀. Bí òjìji bá sún, wọn a sún ẹní tẹ̀ lé e. Nígbà tí atẹ́gùn òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn dìde, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní ògiri náà ń tọ́jú ẹ̀yìn òun ju oògùn lọ.

A wò ó, ọ̀rọ̀ ejò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa. Ara ejò kì í dá ooru sílẹ̀ bíi tiwa. Ibi tó wà ni ó ti ń gba ooru, nípa rírìn láti ibi gbígbóná sí ibi tútù. Nínú igbó àti oko wa, inú ihò eku àti inú òkìtì ọ̀gán ni erè yìí ń sinmi sí lọ́sàn-án. Alẹ́ ni ó ń jáde. Bí ó bá jẹun tán, ó nílò ooru kí oúnjẹ tó lè dà nínú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó, ó ní láti rí ibi tí yóò yà sí.

A kò lè parọ́ fún ìyá wa. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí àga pákó. Kò fèsì. Ó bu oúnjẹ fún oníbàárà méjì, ó gba owó, ó fún wọn ní ṣẹ́ńjì, kí ó tó yíjú sí wa.

“Ihò mélòó ni ó ṣe fún un?”

Ìbéèrè náà bá wa lójijì. A pe àbúrò wa níbẹ̀. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni, orí ẹní oníná náà gan-an ni ó sì gbé e lé, kí ó lè móoru dáadáa.

Màmá ní: “Ṣé ẹ rí i? Ẹ ní kí ó yàn láàárín iná àti ìtìjú. Ta ni yóò fi ibi ìsápamọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé àjèjì?”

Lóòótọ́, ejò tí ẹ̀rù ń bà lè fara mọ́ ooru tó ń pa á lára ju kí ó wà ní gbangba lọ. Àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí fásitì kò béèrè èyí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, a fún àbúrò wa lésì. Kí ó yọ ẹní oníná náà: abẹ́ ikùn nìkan ni ó ń mú gbóná, kò sì lè mú afẹ́fẹ́ inú àpótí móoru nígbà òtútù ìlú Lille. Kí ó má tilẹ̀ wo ọ̀nà òkúta oníná, nítorí pé ó ti jó ejò púpọ̀. Pátákó òkè dára, ooru rẹ̀ sì tutù lára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sán, kí ó tan gílóòbù halogen sí ìpẹ̀kun kan àpótí, lókè òkúta pẹlẹbẹ, torí pé ooru rẹ̀ ń wọ inú ẹran ara bíi ti oòrùn. Ní alẹ́, bí yàrá bá tutù jù, kí gílóòbù amọ̀ gba ipò rẹ̀. Kí àwọ̀n irin yí méjèèjì ká, kí ejò má baà lọ́ mọ́ wọn. Kí thermostat máa ṣàkóso wọn: ìwọ̀n 31 sí 33 ní ìpẹ̀kun gbígbóná, 25 sí 27 ní ìpẹ̀kun kejì. Kí ó gbé omi sínú rẹ̀, nítorí pé ooru àtòkèwá ń gbẹ afẹ́fẹ́ bí ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè wa. Èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀: ihò méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan.

Ìyá wa fẹ́ kí wọ́n dá ejò náà padà sílé. A ṣàlàyé fún un pé kò rọrùn. Lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Washington ní ọdún 1973, ẹranko yìí kò lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ejò tó ti gbé láàárín àwọn ejò mìíràn ní ilé ìtajà lè kó àrùn wá bá àwọn tó wà nínú igbó wa. Láti Benin, Togo àti Ghana ni wọ́n ti ń kó wọn lọ lọ́dọọdún. Wọ́n a wú ẹyin lóko, tàbí kí wọ́n mú abo tó lóyún, wọn a pa ọmọ rẹ̀, wọn a sì dì wọ́n sínú àpò aṣọ sọdá òkun. Bí a ti ń sọ ọ́ ni ojú ń tì wá, torí pé lójoojúmọ́ ni a ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà tí ọjà ilẹ̀ wa ń gbà jáde, a kò sì béèrè rí bóyá ohun tó lọ rí ibi fara pamọ́ sí.

Màmá ní: “Ó dára. Kí ó máa tọ́jú rẹ̀ bí àlejò, kí ó sì máa kí i láràárọ̀.”

Egbò náà ti san, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò parẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí àbúrò wa bá pè, ìbéèrè kan ni ìyá wa kọ́kọ́ ń bi í: “Ṣé kò tutù jù?” Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ń béèrè, a kò mọ̀. Àbúrò wa pẹ̀lú kò bi í. Ohun tó máa ń sọ ni pé: “Rárá, Màmá, ó móoru.”