Àrùn Tí Bàbá Bò Mọ́ra

Ní Ìdáàṣà olókè 41 ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìlú àwọn ọmọ Jagun tí àpáta ṣe odi fún, ní ọ̀sẹ̀ oṣù kẹjọ tí àwọn onígbàgbọ́ máa ń rọ́ wá gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo, ọmọ ìyá méjì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n kò fi ilé sílẹ̀ rí, iṣu àti ẹ̀pà ni ó ń gbìn. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nìyí.

ARÁ ILÉ: Káàbọ̀ o, àbúrò mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Sọ fún mi, kí ni ìwọ tó rìn jìnnà rí tí àwa tí a jókòó ti òkè kò rí?

ARÌNRÌNÀJÒ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo rí nílé níbí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí gbogbo ilé gbéra lọ sí Arigbo, ẹ ní orúnkún ń dùn yín. Lóru, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yín ń dún léraléra, mo sì yọjú, mo rí yín tí ẹ fọwọ́ ti àpáta, tí ẹ dúró pẹ́ títí, síbẹ̀ tí ìtọ̀ kàn ń kán tó, tó, tó. Orúnkún kọ́ ni.

ARÁ ILÉ: Ojú rẹ mà ríran o! Bí mo bá tọ̀ tán, ó tún ń kù. Kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó tún ti ń gbọ̀n mí. Báwo ni irú mi ṣe fẹ́ jókòó láàárín èrò títí àlùfáà yóò fi parí ìsìn? Ṣùgbọ́n ogbó ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bàbá wa. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣòkòtò àgbàlagbà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba.

ARÌNRÌNÀJÒ: Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹṣẹ́ kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin, pròsítéètì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń pèsè apá kan nínú omi àtọ̀ tí a fi ń bímọ, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í yí òwú ká. Bí ọkùnrin bá ti ń kọjá ọdún 50, ẹṣẹ́ náà a máa wú, a sì máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa.

ARÁ ILÉ: Mo ti se egbò mu títí, egbò kan náà tí wọ́n fi wo àtọ̀sí ajá fún mi ní kékeré, nígbà tí mo ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí odò tí a ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

ARÌNRÌNÀJÒ: Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Aràn ló ń fa àtọ̀sí ajá, aràn tí dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, rí ní Káírò lọ́dún 1851. Inú ìgbín odò ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kí ó tó gba awọ wọ ara ẹni tó bá wọ omi. Oògùn praziquantel ló ń pa á. Ẹṣẹ́ tó wú kò gbọ́ ti oògùn aràn.

ARÁ ILÉ: Ṣé jẹjẹrẹ wá ni tèmi?

ARÌNRÌNÀJÒ: Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àyẹ̀wò ni yóò sọ. Inú ẹṣẹ́ náà, nítòsí ọ̀nà ìtọ̀, ni wíwú lásán ti í bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè yọni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni jẹjẹrẹ sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, kò dí ìtọ̀, kò dunni, títí yóò fi ràn dé egungun ẹ̀yìn. Èyí tó ń pariwo lè má pani. Èyí tó dákẹ́ ni kí a bẹ̀rù. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de ìrora kí òun tó lọ rí dókítà, ìgbà tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí ni ó ń dúró dè. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ARÁ ILÉ: Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò?

ARÌNRÌNÀJÒ: Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá yín, láti wo ohun kan tí ẹṣẹ́ náà ń tú sínú rẹ̀, PSA ni orúkọ rẹ̀. Dókítà á sì wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan wọ ihò ìdí, á fi tọ́ ẹṣẹ́ náà wò bóyá ó rọ̀ tàbí ó le. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

ARÁ ILÉ: Háà! Èmi baálé ilé! Bí wọ́n bá sì fi ọ̀bẹ kàn mí ńkọ́, ṣé mo tún jẹ́ ọkùnrin?

ARÌNRÌNÀJÒ: Oògùn wà tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀. Bí kò bá ká a, wọ́n á gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ náà fúnra rẹ̀ ki irin tín-ín-rín bọ̀ ọ́, wọ́n á gé ohun tó dí i kúrò láìla ikùn. Agbára ọkùnrin kì í sábà bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀ lè máa ṣẹ́rí padà sínú àpò ìtọ̀. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Mandela wà lẹ́wọ̀n ní 1985 nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹṣẹ́ tó wú fún un. Ní 2001, wọ́n rí jẹjẹrẹ níbẹ̀, wọ́n fi ìtànṣán wò ó. Ọdún 2013 ni ó tó kú, lẹ́ni ọdún 95. Ní ti Kwame Ture, ajìjàgbara tó fi ilẹ̀ Gínì ṣe ilé, jẹjẹrẹ yìí ló pa á ní Kónákírì ní 1998, lẹ́ni ọdún 57. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń bọ̀, ọkùnrin 1 nínú 8 ni ó ń mú láyé rẹ̀. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Nítorí náà ni wọ́n fi ń rọ̀ wá kí a ti lọ bá dókítà láti ọdún 45.

ARÁ ILÉ: Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ìwọ kò sí nílé nígbà tí bàbá wa ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi tọ̀, ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ le gbandi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. A ní ayé ló ń ṣe é.

ARÌNRÌNÀJÒ: Áà, bàbá! A kì í fi ìtọ̀ tó dá dúró pátápátá sùn, nítorí kíndìnrín ni yóò padà lọ bàjẹ́. Wọn ìbá ti ki rọ́bà wọlé dé àpò ìtọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àgbègbè, rọ́bà tí wọ́n ń fi omi wú orí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún kí ó má bàa yọ, ìtọ̀ ìbá sì rọ́ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀; wọn ìbá wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu, níbi tí àwọn dókítà ọ̀nà ìtọ̀ wà, nǹkan bí 200 kìlómítà síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó tún ń dùn mí jù ni pé a kò mọ ohun tó pa á. Ẹni tí jẹjẹrẹ yìí bá mú bàbá rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀, ewu tirẹ̀ a tó ìlọ́po méjì. Bí òun ló pa bàbá, èmi, ẹ̀yin àti àwọn ọmọkùnrin wa ti wà nínú ewu láti ìgbà náà, kò sì sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa.

ARÁ ILÉ: Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ìtìjú ni bàbá rò pé òun ń bò, àṣé ojú wa ni ó bò. Ó dára. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ìwọ á jọ wọ ọkọ̀. Ohun tí dókítà bá sì sọ, ìbáà dára, ìbáà korò, n ó pe àwọn ọmọkùnrin mi jọ, n ó sì sọ ọ́ fún wọn látẹnu mi. Ilẹ̀ oko nìkan kọ́ ni ogún. Ohun tó ń ṣe ara bàbá wà nínú ogún náà, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n.