Ọmọ ọdún 13 kọ́ bàbá ẹ̀ lọ́gbọ́n ní Raji Rasaki: Ìgbálẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀

Tí wọ́n bá ní ìgbálẹ̀ lásán ló parí awuyewuye tó bẹ́ sílẹ̀ ní Raji Rasaki Estate, l'Ámúwò-Ọ̀dọ̀fin, nílùú Èkó, àwọn èèyàn á rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá o.

Ẹ̀sìtéètì yìí, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó láti 1988 wọ 1992, pè, láwọn ọmọdé tó máa ń wọ bàtà sikéètì nírọ̀lẹ́. Wọ́n rí họ́kì orí yìnyín lórí tẹlifíṣàn, làwọn náà bá gé igi, wọ́n ń gbá agolo mílíìkì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ kiri títì. Ọjọ́ tí agolo ọ̀hún gé ọmọ kan lójúgun, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, làwọn àgbà àdúgbò fárígá: bí wọn ò bá rí nǹkan mí-ìn gbá, kí kálukú lọ tọ́jú bàtà ẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá ọ̀kan nínú wọn. Kì í bọ́mọ ẹ̀ ṣeré. Àṣẹ ló máa ń pa, ọmọ á ní 'yẹ́ẹ̀sà', ó parí. Àmọ́ ojúgun ọmọ ọlọ́mọ yẹn bà á lẹ́rù, ló bá ní òun máa ṣe ohun tí wọ́n á gbá.

Rọ́bà ni ojúlówó 'puck' táwọn òyìnbó ń gbá. Ó fẹ̀ tó íǹṣì 3, ó nípọn tó íǹṣì 1, wọ́n sì máa ń gbé e sínú fíríísà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta kiri. Ni bàbá bá gé táyà mọ́tò rìbìtì. Wọ́n gbá a, ó fò dìde, ó yí gbirigbiri, ó di inú gọ́tà! Ṣé ẹ rí i, yìnyín ń yọ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀dà kì í yọ̀. Rọ́bà àti ọ̀dà máa ń di ara wọn mú ni, ìdí tí wọ́n fi ń fi rọ́bà ṣe táyà náà nìyẹn.

Ó fi pákó ṣe òmíì, ó fi ọ́ìlì pa á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ̀, iyanrìn ti bò ó. Ó gé e kó kéré sí i, kò yàtọ̀. Kì í ṣe fífẹ̀ nǹkan ló ń dá a dúró jù, bó ṣe wúwo tó àti ohun tó ń fara ha ni. Ìgbà tó wá gé pátákó oníke tí wọ́n fi ń gé ẹran, tó fi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́fà kéékèèké tí orí wọn rí roboto sábẹ́ pákó náà, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ti họ́kì onísikéètì lókè òkun náà nìyẹn.

Síbẹ̀, kì í dé ìdajì títì tó fi ń dúró. Bàbá ti ń bínú, ó fẹ́ tún un gbẹ́. Lọ́mọ bá ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ ká gbálẹ̀ ná."

Bàbá wò ó títí. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ gbá iyanrìn kúrò, wọ́n tún un gbá, ó sì kọjá lọ ràì!

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nínú eré curling, tí wọ́n ti ń yí òkúta lórí yìnyín, gbígbá ni wọ́n ń gbá iwájú òkúta ọ̀hún kó lè lọ jìnnà. Tijani àti Susana Cole gbá a fún Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún 2019.

Àwọn àgbà ti gbà kí eré máa lọ, àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá máa gbá 'puck' gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá títì. Ọmọ tó ń dáhùn 'yẹ́ẹ̀sà' nìkan tẹ́lẹ̀ ti wá ń bá bàbá ẹ̀ jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń sọ pé ọmọ yín ò gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rí?