Ooru amplifáyà ilé àti bí àwọn oníṣẹ́ rédíò ṣe ń ṣírò rẹ̀

Iná tí amplifáyà ń gbà máa ń ju ohun tí ó ń fún sípíkà lọ. Ìyókù ló ń di ooru. Ìpìlẹ̀ ìṣirò tí oníṣẹ́ rédíò ń ṣe ní Ọ̀tan Ayégbajú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, kò ju èyí lọ: wáàtì tó wọlé, yọ wáàtì tó jáde.

Láyé asọ̀rọ̀mágbèsì, kò sí ìṣirò yìí nínú ilé. Ilé iṣẹ́ ni amplifáyà wà, wáyà ló ń gbé ohùn wá, sípíkà nìkan ló sì wà nínú àpótí ara ògiri. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n san àlékún owó oṣù Údọ́jì ní 1975, tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ fi ra ẹ̀rọ orin sí pálọ̀, ni iṣẹ́ oníṣẹ́ rédíò tó gbèrú. Nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, tiránsísítọ̀ bíi 2N3055, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ irin tó ń gba ooru rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 200 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ nínú. 2SC5200 tó gbòde lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 150 lọ. Ọ̀gá àtijọ́ a fi ọwọ́ kan irin náà: èyí tí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀ ti tó bí ìwọ̀n 60. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ ọwọ́ tó kàn án lówùúrọ̀ kò lè sọ bí yóò ti rí ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà.

Ìṣirò ló lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí amplifáyà class AB ní ojú méjì, wáàtì 100 lójú kọ̀ọ̀kan. Orin kì í ga ní gbogbo ìgbà. Ìlù a dún, a sì rọlẹ̀. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára rẹ̀ ni wọ́n ń lò, ìyẹn wáàtì 25. Láti fún sípíkà ní 25, ẹ̀rọ náà á gba bí 90, bí 65 á sì di ooru nínú rẹ̀, láìka ohun tó ń jẹ nígbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ni sípíkà ilé ń sọ di ohùn. Nítorí náà, gbogbo 90 ló ń bọ́ sínú yàrá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ooru ara ẹnì kan tó jókòó.

Ibi tí ooru ti pọ̀ jù kọ́ ni ibi tí ohùn ti ga jù. Bí 200 bá ń jáde pérépéré, bí 55 ni ooru. Bí ó bá jẹ́ 81 ló ń jáde, ooru á di 81, torí tiránsísítọ̀ ló ń ru fóòtì tí sípíkà kò lò. Ẹni tó bá sì so sípíkà 8 ohm méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (parallel) mọ́ ojú kan ti sọ ọ́ di 4, ooru ojú náà á sì di ìlọ́po méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má fi iye ara páálí ṣírò. Ẹ̀rọ lè pe ara rẹ̀ ní wáàtì 5000 PMPO kí fíúùsì ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ámpíà 2. Lórí iná fóòtì 230, ìyẹn kò ju wáàtì 460 lọ.

Amplifáyà class D, tí tiránsísítọ̀ rẹ̀ ń tan tó ń kú ní ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti dín ooru kù gan-an. Fún ilé tó ń lo ínfátà, òun ló dára jù, nítorí bátìrì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Ohun tó tún ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí kò ní ihò. Káfíńtà kì í béèrè ooru. Oníṣẹ́ rédíò ló yẹ kó sọ fún un kí ó tó gé pákó, kí ó ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ó sì lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè, kí afẹ́fẹ́ tútù lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí èyí tó gbóná sì gba òkè jáde.